Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀yin pásítọ̀ Alékúwodò!

Agogo ni Àpọ́sítélì Babalọlá fi ń pe èrò láyé ìsọjí Iléṣà ọdún 1930. Fóònù ni tòní o. Àmọ́ èwo ni kí pásítọ̀ Alékúwodò mú: Facebook, TikTok àbí WhatsApp?

Ẹni tẹ́ ẹ ń wá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ lórí TikTok. Ìyá ọlọ́jà tí dátà rẹ̀ ò tó wo fídíò ńkọ́? Ìwàásù ìṣẹ́jú méjì tẹ́ ẹ fohùn sọ sórí WhatsApp ló máa gbọ́.

Ẹ má sì gbára lé ojú kan. Lóṣù kẹrin ọdún 2021, YouTube ti Emmanuel TV ti T.B. Joshua pa. Lóṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, ó di oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ yáa kọ nọ́ńbà àwọn èèyàn yín sínú ìwé!