Ṣé o mọ̀? Òwú aláǹtakùn lè fọ́ kámẹ́rà lójú

Lóru, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìta ilé máa ń tan iná kan tí ojú èèyàn kì í rí; òun ni wọ́n fi ń ríran nínú òkùnkùn. Bí òwú aláǹtakùn bá ta sí iwájú dígí ojú rẹ̀, iná náà á padà kọlù ú, àwòrán á funfun báláú, ojú olè ò sì ní hàn. Fi aṣọ rírọ̀ nù ún déédéé.

Gbé kámẹ́rà náà kọ́ sókè ní nǹkan bíi mítà 2.5 sí 3, kí ọwọ́ má baà tètè tó o. Bí o bá ń rà á, wá àmì IP66: 6 àkọ́kọ́ ń sọ pé eruku ò lè wọ̀ ọ́, ìkejì pé omi tó ń tú yàà ò lè bà á jẹ́.