Bí Aláìsàn Kò Bá Lè Sọ̀rọ̀

Nínú ọsibítù ńlá, yàrá kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ lè dé ibẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńlá. Oògùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú lè sọ ara di aláìlágbára, tí kòkòrò àrùn yóò fi ráyè wọlé.

Ẹ̀rọ ń dún níbẹ̀, iná ń tàn tọ̀sán-tòru. Wọ́n lè ki rọ́bà bọ ọ̀fun aláìsàn, kí ẹ̀rọ máa bá a mí. Rọ́bà yìí gba ibi tí ohùn ti ń jáde kọjá, nítorí náà kò lè sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ o! Bí oògùn oorun bá ti ń dá lójú rẹ̀, ó lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Copenhagen, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmákì. Ẹ̀rọ kò tó. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ àpò rọ́bà láti fi èémí sí àyà àwọn aláìsàn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán-tòru. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni irú yàrá yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ mọ iye ìgbà tí ọkàn ń lù, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé etí òsì nìkan ni ìyá yìí fi ń gbọ́.

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Á bi í ní ìbéèrè tí ó lè fi orí mímì dáhùn. Ó lè gbé páálí ábídí síwájú rẹ̀ kí ó máa fi ìka tọ́ka. Ẹ ò rí i pé ábídí tí a kọ́ wúlò níbẹ̀!

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ mú bírò. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé, kí ẹ fún nọ́ọ̀sì, bí èyí:

“Ẹ máa pè wọ́n ní Ìyá Dúró. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì wọn. Èdè Èkìtì ló yé wọn jù. Etí òsì ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Awò ojú wọn wà nínú àpò pupa.”

Awò ojú yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Orí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dàrú níbẹ̀, wọn a máa rí ohun tí kò sí. Ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ sọ ọjọ́ tí a wà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn tí ó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣòro. Nílé púpọ̀, wọn a máa fi orúkọ àrùn náà pa mọ́ fún aláìsàn. Àwa kò fara mọ́ ọn. Kí iṣẹ́ abẹ tó dé, ẹ bi í: bí ó bá le, ṣé kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lọ? Ta ni kí ó gbẹnu sọ fún ọ? Òmíràn á ní kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Òmíràn á ní bí agbára dókítà bá pin, kí wọ́n gbé òun lọ bá àwọn ọmọ òun. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ ẹ̀rọ, kò yẹ kí oògùn ìrora dúró, ọmọ sì lè di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.