Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Ìyá Àgbà?

Nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi kú ní 2023, ohun tó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa ní Ìgbò-Ọrà kì í ṣe owó màlúù, kì í sì í ṣe aṣọ ẹbí. Pósítà ni. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní kí a fi ọjọ́ orí òkú ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ dáódù, ní kí wọ́n kọ 102. Ìyá mi ní 95. Àbúrò wọn obìnrin ní kí wọ́n sáà kọ “àgbàlagbà” kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni: ìwé á kúkú wà níbì kan, àbí?

Ìwé wà lóòótọ́, wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n pọ̀. Nínú àpótí Ìyá Àgbà, mo rí ìwé NIN tó ní wọ́n bí i ní 1 January 1932. Mo rí káàdì ọsibítù ti 2011 tó ní ó jẹ́ ẹni ọdún 70, àti òmíràn ti 2016 tó ní ó jẹ́ ẹni ọdún 80. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: láàárín ọdún márùn-ún, màmá fi ọdún mẹ́wàá dàgbà.

Ọdún 1932 yẹn, inú àfidáfíìtì ni wọ́n ti mú un, ìyẹn ìwé tí èèyàn ń búra sí ní kóòtù nípa ọjọ́ orí. Mo béèrè ẹni tó bá a lọ búra. Dáódù náà ni! Mo ní, “Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé 1932 ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní báǹkì ló ń béèrè ìwé kí màmá tó lè ṣí àkántì, akọ̀wé kóòtù sì ń kánjú, ni àwọn bá mú ọdún tó “jọ ọdún àgbà”. January 1 ńkọ́? Akọ̀wé ló fi sí i. Ohun tí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan rò ní kóòtù, báǹkì gbà á, NIN náà gbà á, ó sì di òótọ́ ìjọba.

Kì í ṣe ilé wa nìkan. Àwọn onímọ̀ ìkànìyàn mọ àrùn yìí dáadáa. Tí o bá béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ àwọn tí kò ní ìwé ìbí, iye tó parí sí 0 tàbí 5 ni ọ̀pọ̀ máa dá: 40, 45, 60, 70. George Whipple, ará Amẹ́ríkà kan, ṣe ìṣirò tí a fi ń wọ̀n ọ́n. A ó kó àwọn tó wà láàárín ọdún 23 sí 62 jọ, a ó ka àwọn tí ọjọ́ orí wọn parí sí 0 tàbí 5, a ó sọ iye yẹn di ìlọ́po márùn-ún, a ó fi iye gbogbo wọn pín in, a ó sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ìdáhùn bá jẹ́ 100, kò sí àbùmọ́. Tó bá jẹ́ 500, 0 àti 5 nìkan ni gbogbo wọn ń dá. Káàdì ọsibítù màmá, 70 àti 80, inú ẹgbẹ́ yìí ló wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Glasgow fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọmọ Scotland tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì rí bàbá bàbá bàbá rẹ̀. Òótọ́ ni. Láti 1 January 1855 ni òfin ti mú un ní dandan lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀, ìwé ikú wọn sì máa ń sọ orúkọ bàbá òkú, àti orúkọ ilé tí ìyá rẹ̀ ti wá kó tó wọlé ọkọ. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n tún ń kọ ọjọ́ orí òbí, ìlú wọn, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú sínú ìwé ìbí. Iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún àwọn akọ̀wé, ni wọ́n bá dín in kù ní 1856. (Ẹni tí wọ́n bí baba ńlá rẹ̀ ní 1855 ti jẹ tẹ́tẹ́.) Ṣùgbọ́n nínú ìkànìyàn wọn ti 1841, wọ́n ní kí àwọn akọ̀wé ré ọjọ́ orí ẹni tó ti ju 15 lọ sísàlẹ̀ sí ìsọ̀rí márùn-ún márùn-ún. Ẹni ọdún 39 á di 35. Àwọn náà mọ̀ ọ́n fi rò.

Lọ́dọ̀ tiwa, Èkó ti ní òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí láti 1863, ṣùgbọ́n Ìbàràpá kọ́ ni Èkó. Òfin tó fi dandan ìbí kíkọ fún gbogbo Nàìjíríà lábẹ́ Àjọ Ìkànìyàn, 1992 ló dé. Ìgbò-Ọrà tiẹ̀ ní oríire díẹ̀. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera Ìbàràpá kalẹ̀, wọ́n sì ṣe ètò pàtàkì kan láti máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ nílùú. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fọwọ́ sọ̀yà lónìí pé ìbejì tó 45 nínú 1,000 ìbí lágbègbè wa, nígbà tí ti ayé lápapọ̀ kò ju nǹkan bí 12 lọ. Ẹnì kan ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí ìyá àgbà tipẹ́ kí ètò yẹn tó dé.

Mo tún ro ti ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé àwọn òyìnbó amúnisìn wà. Ibẹ̀ dára fún ẹni tó ń wá ìtàn baálẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ owó orí. Ọmọbìnrin kan tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sóko ní Pàkò, ta ló fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀?

Ibi tí mo jókòó sí tí mo ń ronú ni orúkọ rẹ̀ ti sọ sí mi lọ́kàn. Ìdòwú ni Ìyá Àgbà ń jẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: Táyé àti Kẹ́hìndé ti wá ṣáájú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo béèrè pé ìbejì dà. Mo bi ìyá mi, kò mọ̀. Mo bi dáódù, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú ní kékeré. Kò sí ìwé kankan láyé yìí tó mẹ́nu kàn wọ́n, àfi orúkọ àbúrò wọn.

Orúkọ yìí náà ló ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí fún mi. Àbúrò Ìyá Àgbà kan ṣì wà láyé, ọkùnrin. Ó ní lẹ́yìn Ìdòwú, Àlàbá ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ọmọ kan tí kò pẹ́ láyé, lẹ́yìn náà òun. Òun sì wà lára àwọn tó wọ ilé ìwé ní January 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Mo lọ sí ilé ìwé náà. Ọ̀gá ilé ìwé gbé rẹ́jísítà àtijọ́ sílẹ̀ fún mi, ikán ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá wà níbẹ̀: ọmọ ọdún 6. Mo ní, “Bàbá, ta ló sọ fún wọn pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni yín?” Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, wọ́n fi kan etí òsì. “Etí ni.” Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó etí ló tó ilé ìwé. Nítorí náà kì í ṣe 6 gan-an. Ẹ jẹ́ ká gbà pé 5 sí 7 ni. Ó lè jẹ́ 1948 ni wọ́n bí i, ó sì lè jẹ́ 1950.

Nígbà yẹn, ìyá kì í lóyún òmíràn títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú, nítorí náà ọdún mẹ́ta ló sábà ń wà láàárín ọmọ méjì. Tí ọmọ bá kú ní kékeré, ọmú dáwọ́ dúró, èyí tó tẹ̀lé e á yára dé. Láti Ìdòwú sí Àlàbá, bíi mẹ́ta. Àlàbá sí ọmọ tó kú, bíi mẹ́ta. Ọmọ tó kú sí bàbá yìí, ó lè má ju méjì lọ. Mẹ́jọ lápapọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1948 sí 1950: nǹkan bí 1940 sí 1942.

Mo wá ẹ̀rí mìíràn kí n má fi ojú kan ṣoṣo wò ó. Wọ́n bí àbúrò ìyá mi tó kéré jù ní 1979, ìyẹn ní ìwé ìbí gidi. Tí Ìyá Àgbà bá jẹ́ 102 lóòótọ́, a jẹ́ pé ẹni ọdún 58 ló bí i. Tó bá jẹ́ ti 1932, ẹni ọdún 47, ó ṣòro díẹ̀ àmọ́ ó lè ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ ti 1940, ẹni ọdún 39. Ó bá ara mu.

Mo gbé ìṣirò mi dé iwájú ẹbí: ẹni ọdún 81 sí 83 ni. Dáódù wo ìwé mi títí, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ gba ogún ọdún lọ́wọ́ ìyá mi?” Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gba nǹkan kan. Wọ́n tẹ 91 sórí pósítà nítorí òun ni NIN sọ, àlejò sì lè béèrè. N kò jà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni ìwé ètò ìsìnkú, níbi tí wọ́n ti to orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n gbà. Lókè pátápátá, ṣáájú Ìdòwú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: Táyé àti Kẹ́hìndé.