Ẹ Mọ Ófùnù Kí Ẹ Tó Po Kéèkì

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ká ní ìyá kan ti ń ṣe kéèkì fún ọdún mẹ́wàá n'Íbàdàn, ó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Atakpamé. Ó po bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti fúláwà bó ṣe máa ń pò ó, ó yí bọ́tìnnì ófùnù sí 4 bó ṣe ń yí i nílé, ó dúró ní ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí yóò bá nínú páànù ni kéèkì tó funfun lójú, tí àárín rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọwọ́ ìyá yìí kò gbàgbé iṣẹ́, ẹyin rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Nọ́ńbà ara ófùnù náà ló ń sọ èdè tí kò gbọ́.

Ìlú àwọn ọmọ Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ni Atakpamé, láàárín òkè, ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé. Ọmọ ìyá ni èdè wọn àti Yorùbá tiwa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Faransé ni Tógò ti gba òmìnira ní 1960, ọ̀nà Faransé sì ni ilé ìdáná wọn ń tọ̀: four ni ófùnù, gâteau ni kéèkì. Bí nọ́ńbà bá wà lára bọ́tìnnì ófùnù ilẹ̀ Faransé, ẹ fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó mọ ìgbóná rẹ̀: 5 jẹ́ 150 dígírì, 6 jẹ́ 180, 7 jẹ́ 210. Lára ófùnù onígáàsì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí ìyá wa ń lò n'Íbàdàn, 4 ló jẹ́ 180, 6 sì jẹ́ 200. Nǹkan bí 180 ni ọ̀pọ̀ kéèkì ń fẹ́. Ìyá wa yí i sí 4, ó rò pé 180 lòun ń lò, àṣé 120 péré ni.

Kí ni bọ́tìnnì yẹn ń ṣe gan-an? Nínú ófùnù, lẹ́bàá ògiri, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó tó gègé ìkọ̀wé, omi kan sì wà nínú rẹ̀. Bí ófùnù ṣe ń gbóná, omi yìí ń fẹ̀, ó ń gba inú òpó tín-ín-rín kan lọ ti ojú ọ̀nà gáàsì tàbí iná mànàmáná pa. Bó bá tutù díẹ̀, á sún kì, ọ̀nà á sì ṣí padà. Tẹ́mósítáàtì nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìgbóná ófùnù kì í fi í dúró sójú kan: á lọ sókè, á wá sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pá náà wà nìkan ló sì mọ̀. Kò mọ bí àárín ibi tí páànù yín wà ṣe gbóná tó. Bó bá ti gbó, ohun tó ń pè ní 180 lè jẹ́ 150.

Ófùnù onígáàsì ń gba iná láti ìsàlẹ̀, nítorí náà ìdí kéèkì máa ń tètè pọ́n ju orí lọ. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù, ẹ wo àwọ̀ iná rẹ̀. Fún gáàsì inú páìpù ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn, ihò tí gáàsì ń gbà jáde sì tóbi jù fún gáàsì inú sílíńdà. Iná á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa yọ èédú sí páànù. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ ló yẹ kó pààrọ̀ imú tí ihò náà wà lára rẹ̀ títí iná yóò fi di búlúù.

Ófùnù oníná mànàmáná ní irin gbígbóná lókè àti nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè pọ̀ ni kí ẹ tàn fún kéèkì, torí ti òkè nìkan á jó orí rẹ̀. Bí fáànù bá wà nínú rẹ̀, ẹ yọ 20 dígírì kúrò. Láti 1987 ni ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí kò jìnnà sí Atakpamé, ti ń pèsè iná fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí wáyà bá ti jìnnà, iná lè rẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí 220 fóòtì bá di 180, ófùnù tó ń lo 1,800 wáàtì kò ní ju nǹkan bí 1,200 lọ. Á ṣì gbóná dé ibi tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ gan-an. Ọ̀sán ni kí ẹ ṣe kéèkì.

Ìgbóná ṣe pàtàkì nítorí pé eré ìje ni kéèkì ń sá nínú ófùnù. Afẹ́fẹ́ inú bọ́tà àti ti páúdà tó ń mú un wú ń fẹ̀, wọ́n ń gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ni ẹyin àti fúláwà yóò dì, tí wọ́n á mú un dúró. Bí ófùnù bá tutù jù, afẹ́fẹ́ á sá lọ kí ẹyin tó dì, kéèkì á sì wó lulẹ̀. Bó bá gbóná jù, orí á ti le kí inú tó wú tán, inú á fi agbára jáde, orí á sán. Kéèkì tó sán lórí àti èyí tó rì láàárín ń sọ ìtàn ófùnù fún yín.

Ẹ dán ófùnù wò kí ẹ tó fọ́ ẹyin kankan. Ẹ to búrẹ́dì pẹlẹbẹ bo pẹpẹ irin rẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: ibi tó kọ́kọ́ pọ́n ni ooru pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ da ṣúgà ṣíbí kan sínú páànù kékeré. Nǹkan bí 186 dígírì ni ṣúgà ń yọ́. Ní 6 ti Faransé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kò gbọ́dọ̀ yọ́. Ní 7, ṣúgà ṣíbí mìíràn gbọ́dọ̀ yọ́. Bó bá yọ́ ní 6, ófùnù yín gbóná ju bó ṣe sọ lọ. Bí kò bá yọ́ ní 7, ó tutù jù.

Ààrò amọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì kò ní bọ́tìnnì rárá. Igi ni wọ́n fi ń dáná sínú rẹ̀, wọ́n á kó ẹ̀yinná kúrò, búrẹ́dì á kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ooru bá rọlẹ̀, ni ti kéèkì. Ẹ fọ́n fúláwà sílẹ̀ rẹ̀: bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣì ní sùúrù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é gan-an, ẹ tan ófùnù ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ gbé páànù sí pẹpẹ àárín, ẹ má sì ṣílẹ̀kùn kó tó kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta àkókò rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ lò àti ìṣẹ́jú tó gbà sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Búrẹ́dì kan àti ṣúgà ṣíbí méjì ni owó ẹ̀kọ́ ófùnù tuntun. Ẹ san án, kí ẹ má baà fi ẹyin mẹ́fà san án.