Ìrìn Orí Pákó ní Lekki: Ṣé Àga Oníkẹ̀kẹ́ Lè Kọjá?

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáde lópin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀yin fúnra yín ló ń lò ó, ẹ jókòó tì wá dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi Lekki Conservation Centre ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ mọ ibẹ̀, ní ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọ́fíìsì Chevron. Nigerian Conservation Foundation, àjọ tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ṣètò rẹ̀ ní 1990. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 78. Àbàtà wà níbẹ̀, ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀, ẹyẹ lóríṣiríṣi sì wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń torí rẹ̀ lọ ni afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní 2015, tó gùn tó mítà 401. Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń gùn ún, afárá náà sì máa ń mì. Àga oníkẹ̀kẹ́ ò lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà onípákó kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà. Irú ọ̀nà báyìí ló lè gba àga oníkẹ̀kẹ́. “Lè” ni mo wí o, torí ohun mẹ́rin ló máa sọ bóyá ó gbà á.

Èkíní ni ìbú. Kí àga kan tó lè kọjá láìsí wàhálà, ọ̀nà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà. Kó tó lè yí padà, ó nílò nǹkan bí 150. Bí ọ̀nà bá há láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí pákó kan sì ti já níwájú, ńṣe ni wọ́n máa fa ẹni náà sẹ́yìn-sẹ́yìn lórí omi. Ta ló fẹ́ ìyẹn?

Èkejì ni àlàfo àárín pákó. Táyà ẹ̀yìn àga tóbi, àmọ́ àwọn ti iwájú kéré. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí àlàfo má ju nǹkan bí 1.3 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, táyà iwájú lè há, kí ẹni tó jókòó sì ta síwájú. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí wọ́n to pákó ní ìdábùú ọ̀nà, kì í ṣe ní gígùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibi tó ga. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé, fún sẹ̀ǹtímítà kan tí ilẹ̀ bá fi ga, kí ọ̀nà tó ń gun ibẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, tí gbogbo rẹ̀ ga ní 45 sẹ̀ǹtímítà, nílò ọ̀nà tó gùn tó mítà 5.4. Torí náà, pákó kan tí wọ́n sáré gbé lé àtẹ̀gùn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Àga lè dà sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin ni òjò àti yanrìn. Pákó tó bá ti rin máa ń yọ̀. Táyà máa ń rì sínú yanrìn, yanrìn sì ni Lekki. Ọ̀nà onípákó lè dára, kó jẹ́ pé àti ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí lẹ ti máa há.

Òfin ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ fún àwọn akàndá ẹ̀dá láti 2011, òun ló sì bí ọ́fíìsì LASODA. Ní January 2019, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ti àpapọ̀, tó fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní January 2024.

Nítorí náà, ẹ pè kí ẹ tó lọ, níbikíbi tí ẹ bá ń lọ. Ẹ má kàn bi wọ́n pé “ṣé àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọlé?” Ẹ bi wọ́n pé: Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti géètì? Báwo ni ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó níbi tó ti há jù? Ṣé pákó kankan ti já? Ṣé ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ gba àga? Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò kékeré ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Bí wọ́n bá ní “ẹ má ṣèyọnu, a máa gbé e,” ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ kò tíì ṣe tán. Ẹni tí wọ́n gbé bí ẹrù kò rìn kiri. Ẹlòmíì ló ń pinnu ibi tó máa dúró, ohun tó máa wò, àti ìgbà tó máa padà. Ohun tí ọ̀nà tó dáa ń fún èèyàn nìyẹn: kó lè dúró wo ọ̀bọ títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń ṣètò ìjáde nínú gúrúùpù yín. Ó dìgbà kan ná o.