Ọjọ́ Méje Kọ́ ni Ọjọ́ Ìkẹ́rù: Ọ̀rọ̀ Onílé àti Ayálégbé fún Àwa Tí A Wà Lájò

Ẹ̀dà kíkọ ohùn mẹ́rin tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí kò ní dátà láti gbọ́ ọ, kó kà á. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

OHÙN KÌÍNÍ

Akọ̀wé yín ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán, torí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sọ ìyá wa kan di onígbèsè lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọjà Nyanya ti gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ gba ìwé lọ́wọ́ onílé wọn lọ́jọ́ Ajé. Ohun tí wọ́n rí nínú ìwé náà ni "ọjọ́ méje". Ìyá rò pé tó bá di ọjọ́ kẹjọ, onílé máa da ẹrù àwọn síta. Kí n tó gbọ́, ìyá ti ta àpò èlùbọ́ mọ́kànlá ní owó tí kò tó iye tí wọ́n fi kó o wá láti Ṣakí, kí wọ́n lè rí owó gba yàrá míràn. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó sọ ọ́ síbí. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, kó má baà ṣe ẹlòmíràn.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Páàtì mọ́tò ni mò ń tà, gbogbo yín mọ̀. Ìyà ló kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀. Ní 2014, mo ti ọjà dé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bá àgádágodo tuntun lẹ́nu ọ̀nà mi. Ìyàwó mi jókòó síta pẹ̀lú ọmọ, ọjà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé wà nínú yàrá. Lóòótọ́, mo jẹ owó ilé oṣù mẹ́rin. Mo ti gbé irin láti fi fọ́ àgádágodo náà, àgbàlagbà kan ló dì mí mú. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá fọ́ ọ, ìwọ lo máa di ọ̀daràn." Ó mú mi lọ bá ọmọ ìlú wa kan tó jẹ́ lọ́yà. Ọ̀rọ̀ tí lọ́yà yẹn kọ́kọ́ sọ kò kúrò lọ́kàn mi: "Onílé rẹ jẹ̀bi pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ. Ìwọ náà jẹ̀bi pé o jẹ gbèsè. Ẹ̀bi tirẹ̀ kò pa gbèsè tìrẹ rẹ́." Kóòtù la bá ara wa lọ. Mo san gbèsè, wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n fi wá ilé. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

OHÙN KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin wo ló mú wa. Mo máa ń gbọ́ nínú gúrúùpù yìí pé, "Onílé ò lè gba owó ọdún méjì, òfin ti kọ̀ ọ́." Òfin Èkó ni ẹ ń sọ yẹn, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Nínú Èkó gan-an, òfin yẹn yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò dé Nyanya rárá. Ibi tí ilé wà ni òfin rẹ̀ ń wò, kì í wo ìlú tí ayálégbé ti wá.

Nílẹ̀ Abuja tiwa, òfin tó ń jẹ́ Recovery of Premises Act ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Mararaba, ẹ rántí pé ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ wà. Kóòtù Nasarawa lọ̀rọ̀ ilé yín máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń fẹsẹ̀ rìn wọ Nyanya. Ẹ̀yin ará Jos, Kaduna, Minna, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú òfin wọ̀nyẹn tan mọ́ òfin àtijọ́ ti ẹkùn Àríwá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nǹkan fi jọra. Síbẹ̀, ẹ bi lọ́yà tó wà lágbègbè yín.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 43, sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè ní ilẹ̀ tàbí ilé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé nótíìsì tiyín kúrú nítorí pé àlejò ni yín.

Ó yá, nótíìsì. Ohun tí kóòtù máa kọ́kọ́ béèrè ni pé: ṣé ẹ ní ìwé àdéhùn, àgírímẹ́ǹtì? Bí àgírímẹ́ǹtì bá sọ iye ọjọ́ tí nótíìsì máa jẹ́, ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí nìyẹn. Bí ẹ bá fọwọ́ sí oṣù kan, oṣù kan ló máa mú yín, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọdún lẹ ń san. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ sí ìwé tẹ́ ẹ kò tíì mú lọ sílé kà. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kó fún ọmọ rẹ̀ kà fún un.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ nótíìsì nínú àgírímẹ́ǹtì, tàbí tí kò sí àgírímẹ́ǹtì rárá, bí ẹ ṣe ń sanwó ni wọ́n máa wò. Lábẹ́ òfin Abuja, ẹni tó ń san ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Ẹ rí i pé bí ẹ ṣe ń sanwó lè fún yín ní oṣù mẹ́fà tàbí ọ̀sẹ̀ kan péré. Ìyẹn ni rìsíìtì ṣe ṣe pàtàkì. Rìsíìtì tó kọ "ọdún kan, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí" kì í ṣe bébà lásán.

OHÙN KẸTA

Wàyí o, ọjọ́ méje. Ìwé méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ìwé kìíní ni quit notice. Òun ló ń sọ pé àdéhùn yíyá ilé máa parí lọ́jọ́ báyìí, kẹ́ ẹ kúrò. Òun ni mo ka iye oṣù rẹ̀ tán yẹn.

Ìwé kejì ni ọlọ́jọ́ méje. Ohun tó ń sọ ni pé: "Àdéhùn wa ti parí, ẹ ò tíì jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, mo máa lọ sí kóòtù láti gba ilé mi." Ẹ gbọ́ o. Kò sọ pé ẹ máa sùn síta lọ́jọ́ kẹjọ. Ó ń sọ pé láti ọjọ́ kẹjọ lọ, ọ̀nà kóòtù ṣí sílẹ̀ fún onílé. Ìwé ìpè kóòtù máa dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ máa lọ síwájú adájọ́, ẹ máa sọ tẹnu yín. Bí onílé bá jàre, adájọ́ ló máa dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáde. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́ fún àyè díẹ̀. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, òṣìṣẹ́ kóòtù nìkan ló láṣẹ láti wá kó ẹrù yín síta.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọlọ́jọ́ méje ti lè dá wá láìsí quit notice. Bí àgírímẹ́ǹtì yín bá sọ pé ọdún kan péré ni, tí ọdún náà ti pé, tẹ́ ẹ kò tún un ṣe, àdéhùn ti parí fúnra rẹ̀. Ọlọ́jọ́ méje nìkan ni onílé nílò kó tó lọ sí kóòtù. Ẹ máa wo ọjọ́ tí ọdún yín ń pé.

Kí ni onílé kò gbọdọ̀ ṣe? Kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Kò gbọdọ̀ ká páànù lórí yín, kò gbọdọ̀ gé iná tàbí omi kẹ́ ẹ lè sá, kò gbọdọ̀ kó ẹrù yín síta. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1997 pé ọ̀nà kóòtù ni onílé gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ má bá a jà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ pe ẹlẹ́rìí méjì, ẹ kọ ohun tó wà nínú yàrá sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ́yà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ lè gba owó ohun tó bà jẹ́.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Gbèsè owó ilé kì í ṣe olè jíjà. Ọlọ́pàá kọ́ ló ń gba ilé fún onílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ́ àgádágodo, tàbí tẹ́ ẹ na kẹ́átékà, ọ̀rọ̀ ti di tiwọn nìyẹn.

Ẹ má sì fi nótíìsì ṣe ẹ̀tàn. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n máa ń sọ pé, "Déètì inú nótíìsì yẹn kò pé, ẹ jẹ́ kó máa wò mí." Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bínú sí irú ìwà yìí. Wọ́n ní ayálégbé tó jẹ owó ilé tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sábẹ́ àṣìṣe inú nótíìsì. Ìwé ẹjọ́ tí onílé pè gan-an ti tó láti mọ̀ pé ó fẹ́ ilé rẹ̀. Owó kò sì dúró. Gbogbo oṣù tẹ́ ẹ lò lẹ́yìn tí àdéhùn parí, adájọ́ lè ní kẹ́ ẹ san án títí dé ọjọ́ tẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

OHÙN KẸRIN

Ẹ jẹ́ ká wá sọ tiwa. Ojúṣe wa kì í ṣe owó sísan nìkan.

Ilé tí a gbà fún gbígbé, gbígbé ni. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ yàrá di sítọ̀. Mo ti rí yàrá tí ata gbígbẹ kún dé àjà, mo ti rí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí iná bá jó ilé, ẹ̀bi wa ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó ọjà sí i, ẹ sọ fún onílé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì gbé yàrá tẹ́ ẹ gbà fún ẹlòmíràn láti máa san owó fún yín láìgba àṣẹ. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín yàtọ̀, àmọ́ ọmọ iṣẹ́ márùn-ún nínú yàrá kan, ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò.

Bí onílé bá fẹ́ wo ilé rẹ̀ ní àsìkò tó dára, ẹ jẹ́ kó wò ó. Ní ti àtúnṣe, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, àríyànjiyàn ló máa dà. Ẹ kọ ẹni tó máa tún òrùlé ṣe àti ẹni tó máa kó ṣáláńgá. Tí onílé bá fẹ́ fi owó kún owó ilé, kò lè dá a ṣe, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ fẹnu kò. Tẹ́ ẹ kò bá gbà, ó lè fún yín ní nótíìsì tó péye.

Bí ẹnikẹ́ni bá mú nótíìsì wá ní orúkọ onílé, ẹ bi í pé ta ló rán an. Ẹ́jẹ́ǹtì tó máa ń gba owó ilé lọ́wọ́ yín, ìyẹn dáa. Àlejò tẹ́ ẹ kò rí rí gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ onílé dání. Owó ilé náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kòbókòbó láìsí rìsíìtì. Bí ẹ bá fi báǹkì san án, ẹ kọ "owó ilé" àti ọdún tẹ́ ẹ ń san fún sínú ọ̀rọ̀ ìsanwó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, kẹ́ ẹ má bínú. Ọ̀pọ̀ wa tó jẹ́ ayálégbé níbí, onílé ni wá nílé. A ti kọ́ ilé sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀ffà, sí Ìwó. Nígbà tí ayálégbé wa níbẹ̀ bá jẹ gbèsè, a máa ń pe àbúrò wa lórí fóònù pé, "Lọ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀." Ohun tí onílé mi ṣe sí mi ní 2014 náà nìyẹn. Ẹ fún wọn ní nótíìsì, kẹ́ ẹ gba ọ̀nà kóòtù.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ já sí. Mo ka ìwé wọn. Owó ọdún ni wọ́n ń san, ọdún náà kò tíì pé, kò sí àgírímẹ́ǹtì, onílé kò sì fún wọn ní quit notice rí. Àkókò ọlọ́jọ́ méje kò tíì tó rárá. Èmi àti bàbá alága tẹ̀ lé wọn lọ bá onílé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a kò bá a jà. Ó ṣàlàyé pé ọmọ òun fẹ́ gbéyàwó, òun nílò yàrá náà. Lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà sì gbà pé ìwé yẹn ti yá jù. Wọ́n tún ìwé kọ, ìyá ní oṣù mẹ́fà gbáko.

Ilé ti yanjú, ṣùgbọ́n àpò èlùbọ́ mọ́kànlá ti lọ. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ìwé kankan bá dé ọwọ́ yín, ẹ má ta ohunkóhun, ẹ má kó ohunkóhun. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi tàbí bàbá alága ní kọ̀rọ̀, tọ̀sán tòru. A ó jọ kà á, a ó sì mú yín lọ bá lọ́yà bó bá tó bẹ́ẹ̀.

Àjò ò dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́run mú wa délé láyọ̀. Ó dàárọ̀ o.