Ọjà iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà àti ìrànwọ́ ìjọba

Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà ni àwọn ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà ń fi igi, amọ̀, irin, egungun, òwú àti irun ẹran ṣe, ní ìlànà tí àwọn ará agbègbè kan jogún lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn. Lára àwọn tó lókìkí ni àwo aláwọ̀ búlúù òun funfun ti Gzhel, ohun èlò onígi ti Khokhloma, àpótí kékeré ti Palekh àti ti Fedoskino, àtẹ irin ti Zhostovo, ère amọ̀ ti Dymkovo, ìborùn onírun ewúrẹ́ ti Orenburg, léèsì ti Vologda, àti matryoshka, ọmọláńgidi onígi tí òmíràn ń bẹ nínú rẹ̀. Orúkọ abúlé, ìlú tàbí agbègbè ni ọ̀pọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí. Ọjà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dá dúró rí. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹlòmíràn tí kì í ṣe oníṣọ̀nà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbé e ró: ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, olówó, tàbí ìjọba.

Ìtàn

Ní àárín gbùngbùn Rọ́ṣíà, òtútù àti yìnyín kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ ríṣẹ́ ṣe lóko fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ibòmíràn kò lọ́ràá tó láti bọ́ ẹbí. Nítorí náà ni àwọn ará abúlé ṣe ń fi ìgbà òtútù gbẹ́ igi, mọ amọ̀ tàbí hun léèsì, tí wọ́n sì ń kó o lọ sọ́jà. Kustar ni wọ́n ń pe irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi máa parí, ọjà olówó pọ́ọ́kú ti ń lé tiwọn kúrò lórí àtẹ. Ère Dymkovo, tí àwọn obìnrin ń mọ nítòsí ìlú Vyatka (Kirov òde òní), jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ère pilásítà tí a dà nínú àwòṣe dé, owó rẹ̀ kò wọ́n, àwọn olùrà sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Anna Mezrina (1853–1938) fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan ṣẹ́kù nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, kí ayàwòrán Alexei Denshin tó fi ìwé àti àwòrán polongo rẹ̀.

Àwọn zemstvo, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1864, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ètò sí ìrànwọ́ fún àwọn kustar. Wọ́n dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bá wọn wá olùrà. Ilé ọnà kustar tó ṣí ní Mọ́skò ní 1885 kì í ṣe ibi ìwòran lásán, nítorí wọ́n ń tajà níbẹ̀ pẹ̀lú. Sergei Morozov, ọmọ ìdílé olówó tó ní ilé iṣẹ́ aṣọ, ná owó ara rẹ̀ lé e lórí.

Ìgbà yìí náà ni matryoshka dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti wà láti ayébáyé, ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1890 ni a ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀: Vasily Zvyozdochkin ló gbẹ́ ẹ, ayàwòrán Sergey Malyutin ló kùn ún. Lẹ́yìn tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ níbi Ìpàtẹ Àgbáyé tó wáyé ní Paris ní 1900, àwọn oníbàárà òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un, àwọn oníṣẹ́ ìlú Sergiev Posad sì ń ṣe é lọ́pọ̀. Ohun tí ayé fi ń dá Rọ́ṣíà mọ̀ jù lọ, ohun títà ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Lábẹ́ Ìṣọ̀kan Sófìẹ̀tì

Ìyípadà ìjọba ọdún 1917 gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ará Palekh, nítorí àwòrán mímọ́ fún ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Ní 1924, Ivan Golikov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀. Ọnà tí wọ́n fi ń ya ẹni mímọ́ ni wọ́n wá fi ń ya ìtàn àlọ́, àgbẹ̀ àti ẹṣin sára àpótí kékeré. Ìjọba fẹ́ràn àpótí wọ̀nyí, nítorí wọ́n ń mú owó ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ní 1960 ni wọ́n fòpin sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí àwọn oníṣọ̀nà sì di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Owó oṣù ń wọlé déédéé, ìjọba sì ni olùrà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ gidi ni, àmọ́ kò kọ́ ilé iṣẹ́ kankan bí a ti ń wá oníbàárà.

Àìmọ̀ yìí ló dun wọ́n jù nígbà tí Ìṣọ̀kan náà tú ká ní 1991. Ìjọba kò ra ọjà mọ́, ilé iṣẹ́ di ti aládàáni, ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníṣọ̀nà sì kúrò lọ dá tiwọn ṣe. Ní òpópónà Arbat àti ní ọjà Izmailovo ní Mọ́skò, matryoshka tó ní ojú Gorbachev àti Yeltsin tà fún àwọn arìnrìn-àjò.

Ìdí tí iṣẹ́ ọwọ́ fi wọ́n

Wúrà tó ń tàn lára ohun èlò Khokhloma kì í ṣe wúrà rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ igi, wọ́n á fi amọ̀ tó ti yọ̀ rẹ́ ẹ lára, wọ́n á sì fi òróró èso ọ̀gbọ̀ pa á léraléra. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi lúbúlúbú irin funfun ra á (tin ni láyé àtijọ́, alumíníọ̀mù ni lónìí), tí gbogbo rẹ̀ á sì máa dán bí fàdákà. Orí fàdákà yìí ni ayàwòrán ń fi ọwọ́ ya ewé àti èso sí, ní pupa àti dúdú. Wọ́n á wá fi fáníìṣì bò ó ní ìpele ìpele, wọ́n á sì kó o sínú ààrò. Ooru ni í sọ fáníìṣì di rẹ́súrẹ́sú, tí fàdákà abẹ́ rẹ̀ á fi dà bíi wúrà. Ní Palekh, ọ̀dà tí a fi ẹyin pò ni wọ́n ń lò, eyín ìkookò ni wọ́n sì fi ń ra wúrà kí ó lè dán.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ irú ewé Khokhloma kan náà sára ike láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lójú arìnrìn-àjò tó ń kánjú, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Iye owó nìkan ló yàtọ̀.

Òfin àti ìrànwọ́ òde òní

Òfin Àpapọ̀ 7-FZ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 6 Oṣù Kìíní 1999, ni ìpìlẹ̀ ètò náà. Ó fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ìlànà agbègbè ṣe òṣùwọ̀n. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ọnà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni í yẹ àpẹẹrẹ ọjà wò. Èyí tí wọ́n bá gbà, wọn á kà á sí ohun tó ní iyì ọnà. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ àpẹẹrẹ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, a kì í gba owó orí ọjà lórí títà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó kéré tán ìdajì ọjà tó ń ṣe bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ni òfin ń pè ní ilé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, irú wọn sì lè gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbéjáde àti òwò, láti dín ìnáwó wọn kù.

Ètò yìí ti dáàbò bo ilé iṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti le. Oníṣọ̀nà tó bá yí àwòrán padà jù lè má rí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tí kò bá sì yí nǹkan kan padà, àwọn oníbàárà lè sú u sílẹ̀. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ kì í sì í rí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńlá gbà. Ọ̀nà mìíràn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tọ̀: ètò owó orí fún adáṣẹ́ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 ní àwọn ẹkùn mẹ́rin kí ó tó tàn kálẹ̀, ń gba ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó bá wá lọ́wọ́ ènìyàn lásán, àti ìdá 6 lórí èyí tó bá wá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ní 2020, òfin tún fàyè gba àmì ibi ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọjà, èyí tí àwọn olùṣe ọjà agbègbè kan lè jọ lò kí àjèjì má bàa fi orúkọ ibẹ̀ tajà.

Ìjọba Rọ́ṣíà sọ ọdún 2022 ní Ọdún Ogún Àṣà Àwọn Ènìyàn Rọ́ṣíà. Ọdún yẹn kan náà ni ogun tí Rọ́ṣíà gbé wọ Ukraine lé ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sẹ́yìn. Visa àti Mastercard dáwọ́ iṣẹ́ dúró níbẹ̀ nínú Oṣù Kẹta, ó sì ṣòro láti tajà sí òkè òkun. Láti ìgbà náà, àwọn ará ilé gan-an ni oníbàárà tí oníṣọ̀nà ń wojú wọn jù: ilé iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀bùn ọdún, àwọn tó ń ra ohun èlò ilé, àti àwọn tó ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tó wà ní Saint Petersburg ní ẹ̀ka ní Fedoskino àti ní àwọn abúlé ọnà mìíràn. Ọdún mélòó kan ni akọ́ṣẹ́ fi ń kọ́ bí a ti ń di búrọ́ọ̀ṣì mú níbẹ̀. Bí ó bá gboyè tán, yóò yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí ó dúró sí abúlé, kí ó máa dá tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ó wá iṣẹ́ ayàwòrán tí owó rẹ̀ jọjú lọ sí ìlú ńlá.